Bí àpáta òfurufú bá já sínú òkun, kí ló máa dé bá ará etíkun?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, orúkọ Èkó bọ́ sínú ìròyìn tẹ́nikẹ́ni ò fọkàn sí. Ásítẹ́rọ́ìdì kan, ìyẹn irú àpáta tó máa ń rìn yí oòrùn ká bí ayé wa yìí náà ṣe ń rìn, ni ATLAS, awò ńlá tí wọ́n fi ń ṣọ́ òfurufú ní Chile, kọ́kọ́ rí ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Wọ́n sọ ọ́ ní 2024 YR4. Nígbà tí wọ́n ṣírò ipa ọ̀nà rẹ̀, wọ́n rí i pé ó lè kọlu ayé ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2032. Ibi tó lè já sí jẹ́ ìlà gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ láti apá ìlà oòrùn Òkun Pàsífíìkì, tó gba àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, tó la Òkun Àtìláńtíìkì já, tó sì gba Áfíríkà kọjá títí dé Íńdíà àti Bangladesh. Èkó wà lára àwọn ìlú ńlá tí wọ́n dárúkọ lórí ìlà náà. Abidjan náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ewu náà ga dé ìdá 3.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí oṣù náà tó tán, wọ́n ti tún àpáta náà wò dáadáa, ewu ọ̀hún sì ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Kò ní kan ayé ní 2032.

Ìbéèrè tó yẹ kó kù lọ́kàn ẹni tó ń gbé Lẹ́kí, Badagry tàbí Ayétòrò ni pé, ká ní inú Àtìláńtíìkì ló já sí ńkọ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò ni ògiri omi kan tó ga ju ilé alájà ogún lọ, tó ń bọ̀ látọ̀nà jíjìn, tó sì máa gbé gbogbo ìlú mì. Fún àpáta tí kò ju nǹkan bíi 60 mítà lọ, bíi ti YR4, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Fún èyí tó tóbi gan-an tó sì já sítòsí, ó rí bẹ́ẹ̀, kódà ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan méjì ló pààlà sáàárín wọn: bí àpáta náà ṣe tóbi tó, àti bí ibi tó já sí ṣe jìnnà sí èbúté tó. Ẹni tó bá mọ méjèèjì yìí ti mọ ohun tó yẹ kó bẹ̀rù àti ohun tí kò yẹ kó dẹ́rù bà á.

Àwọn tí kì í dé inú omi

Irú àpáta báyìí máa ń wọ inú afẹ́fẹ́ ayé pẹ̀lú eré kìlómítà 15 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Eré yẹn pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ ò ráyè yà, ṣe ló máa ń fún pọ̀, táá sì gbóná kọjá àlà. Bí àpáta náà ò bá tóbi, títẹ̀ tí afẹ́fẹ́ yìí ń tẹ̀ ẹ́ á fọ́ ọ yángá lójú òfurufú, á sì bú gbàù níbẹ̀. Kò ní dé inú òkun. Ohun tó máa sọ̀ kalẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀, ooru àti ìgbì afẹ́fẹ́.

Ẹ̀rí wà fún èyí lórí omi gan-an. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2018, àpáta kan tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 10 mítà bú gbàù lókè Òkun Bering, láàárín Rọ́ṣíà àti Alaska, ní nǹkan bíi kìlómítà 26 sókè. Agbára rẹ̀ tó 173 kílótọ́ọ̀nù, ó ju ìlọ́po mẹ́wàá bọ́ǹbù Hiroshima lọ. Sátẹ́láìtì rí i, àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn tó rẹlẹ̀ kọjá ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ náà gbọ́ ọ, àmọ́ kò sí ìgbì omi kankan tó dé etíkun ẹnikẹ́ni.

Èyí ò wá túmọ̀ sí pé kò séwu. Ní Chelyabinsk, ní Rọ́ṣíà, lọ́jọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2013, àpáta tó tó 20 mítà bú gbàù ní nǹkan bíi kìlómítà 30 sókè. Nǹkan bí 1,500 ènìyàn ló fara pa, gíláàsì fèrèsé ló sì ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn léṣe. Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Àwọn ènìyàn rí i, ẹnu yà wọ́n, wọ́n sáré lọ sójú fèrèsé láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀ ni ìgbì afẹ́fẹ́ tó dé, gíláàsì sì fọ́ sí wọn lójú.

Ká wá gbé e wá sí etíkun wa. Ká ní àpáta tó tó 60 mítà bú gbàù lókè òkun ní kìlómítà 30 sí Lẹ́kí. Agbára rẹ̀ á tó mẹ́gátọ́ọ̀nù 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ (mẹ́gátọ́ọ̀nù kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún kílótọ́ọ̀nù), irú èyí tó dà igbó tó lé ní 2,000 kìlómítà níbùú lóròó wó ní Tunguska ní ọdún 1908. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dé lójú ẹsẹ̀, ooru á sì bá a dé. Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ á dé. Páànù tí ìṣó rẹ̀ ti dógùn-ún á ká kúrò lórí ilé, á sì máa fò kiri bí abẹ. Ilé pákó tó dúró lórí òpó nínú omi, bíi ti Mákòkó àti ti àwọn abúlé Ìlàjẹ, ò ní ògiri tó lè gba irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Ilé olówó ńlá tí wọ́n fi gíláàsì bo ojú rẹ̀ láti òkè délẹ̀ ní Victoria Island náà wà nínú ewu, bóyá kó tiẹ̀ jù.

Omi ńkọ́? Afẹ́fẹ́ náà á tẹ ojú òkun mọ́lẹ̀ díẹ̀, ìgbì á sì dìde. Àmọ́ ibi tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ò jìn, ìgbì rẹ̀ ò sì ní agbára tó lè rìn jìnnà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti NASA àti NOAA, àjọ tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, pàdé ní Seattle lóṣù Kẹjọ ọdún 2016 lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ibi tí àwòṣe inú kọ̀ǹpútà wọn parí sí nìyẹn: ìbúgbàù ojú òfurufú kì í dá sùnámì tó lè pa ará ọ̀nà jíjìn sílẹ̀. Nítorí náà, fún àpáta tó ṣeé ṣe jù lọ kí ó dé láyé ọmọ wa tàbí ọmọ-ọmọ wa, fèrèsé àti òrùlé ló yẹ ká kọ́kọ́ ronú sí.

Nígbà tó bá wọ inú omi

Ká wá mú àpáta tó fẹ̀ tó 250 mítà. Èyí ò ní fọ́ tán lójú òfurufú. Bí eré rẹ̀ bá tó kìlómítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tó gbé wá á lé ní 1,000 mẹ́gátọ́ọ̀nù. Á gbẹ́ kòtò sínú òkun, kòtò tó fẹ̀ ní kìlómítà mélòó kan. Etí kòtò náà á dìde bí aṣọ tí wọ́n ká sókè. Láìpẹ́, omi á ya padà wọ inú kòtò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, wọ́n á pàdé láàárín, òpó omi kan á sì ta sókè débi tí àwọsánmà ń dé. Òpó yẹn náà á wó lulẹ̀, á sì tún dá ìgbì mìíràn sílẹ̀. Èyí ló fà á tí ìgbì kì í fi í jẹ́ ẹyọ kan. Ṣe ni wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn.

Èyí tó pọ̀ jù nínú agbára náà kì í lọ sínú ìgbì. Ó ń sọ omi di ooru omi tó ń gòkè, ó ń ju omi àti iyọ̀ sókè, ó ń gbóná afẹ́fẹ́. Díẹ̀ péré ló ń kù fún ìgbì. Àwọn àwòṣe tí Galen Gisler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé ìwádìí Los Alamos fi èyí hàn kedere, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ dẹwọ́ ìbẹ̀rù tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Ìṣirò àtijọ́ le ju báyìí lọ: ní 2003, Steven Ward àti Erik Asphaug ṣírò pé bí àpáta 1950 DA, tó lé ní kìlómítà kan, bá já sínú Àtìláńtíìkì ti àríwá, ìgbì tó ga ju 100 mítà lọ á dé etíkun ìlà oòrùn Amẹ́ríkà.

Ibi tó yẹ ká dúró lé dáadáa nìyí, torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Gbogbo ènìyàn ti rí fídíò sùnámì ọdún 2004 ní Indonesia àti ti 2011 ní Japan, wọ́n sì rò pé bákan náà ni ti àpáta máa rí. Ìmìtìtì ilẹ̀ máa ń gbé ilẹ̀ abẹ́ òkun sókè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí, láti orí ìgbì kan sí orí èkejì lè tó 100 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nínú òkun tó jìn tó 4,000 mítà, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ń sáré tó 700 kìlómítà ní wákàtí kan. Nígbà tó bá dé èbúté, omi á máa wọlé láìdúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀, kó tó padà. Ohun tó ń gbé omi dé inú ilẹ̀ jíjìn nìyẹn.

Kòtò tí àpáta 250 mítà gbẹ́ ò ju kìlómítà mélòó kan lọ, nítorí náà àlàfo láàárín orí ìgbì kan sí èkejì ò ní ju kìlómítà mélòó kan lọ náà. Ká fi í sí 4. Irú ìgbì yìí ò kan ìsàlẹ̀ òkun jíjìn, agbára rẹ̀ sì ń rìn ní nǹkan bíi 140 kìlómítà ní wákàtí kan péré. Bó bá já sí 1,000 kìlómítà sí wa, wákàtí méje ló máa lò kó tó dé, nígbà tí ti ìmìtìtì ilẹ̀ ò ní lò tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 50 ló wà láàárín ìgbì kan sí èkejì. Ìyẹn ni pé omi á tì wọlé fún bí ìṣẹ́jú àáyá 25, kó tó fà padà. Ìgbì náà lè ga, ó lè fọ́ ohun gbogbo tó wà létí omi, àmọ́ kò ráyè rìn wọ inú ìlú bíi ti 2011. Bí ó sì ṣe ń rìn ló ń tàn káàkiri, tó sì ń rọlẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń dáàbò bo èbúté. Òkun ò kan ṣàdédé jìn láti etí ilẹ̀; pèpéle kan wà lábẹ́ omi níbi tí òkun ò ti jìn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ tó já sísàlẹ̀. Ìgbì máa ń wó nígbà tí gíga rẹ̀ bá ti sún mọ́ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún jíjìn omi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbì tó ga tó 30 mítà á ti wó níbi tí omi ti jìn tó 38 mítà, lórí pèpéle yẹn, kó tó dé iyanrìn. Lẹ́yìn tó bá wó, gbogbo kìlómítà tó bá rìn ló ń dín agbára rẹ̀ kù. William Van Dorn, onímọ̀ nípa òkun ní Amẹ́ríkà, ló ti sọ èyí láti àwọn ọdún 1960 nígbà tí wọ́n ń wádìí ìgbì tí bọ́ǹbù lè dá sílẹ̀ nínú òkun, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní.

Níbi tí pèpéle bá ti gbòòrò, ààbò pọ̀. Níbi tó bá ti tín-ínrín, ààbò kéré. Ti Èkó tín-ínrín ju ti Calabar lọ. Bákan náà ni àwọn àfonífojì jíjìn wà lábẹ́ òkun tiwa, Avon ní ìwọ̀ oòrùn àti Mahin ní apá Òǹdó, tí wọ́n gé pèpéle náà já. Ìgbì máa ń tẹ̀ nígbà tó bá gba orí irú àfonífojì bẹ́ẹ̀ kọjá. Á dín kù níwájú àfonífojì gan-an, á sì kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, abúlé méjì tí kò jìnnà síra wọn lè rí ohun tó yàtọ̀ pátápátá lọ́jọ́ kan náà. Bí ìjọba bá fẹ́ ya àwòrán ilẹ̀ ibi tí omi lè dé, kò gbọ́dọ̀ kàn fa ìlà gbọọrọ kan láti Badagry dé Ìlàjẹ.

Kòtò tó wà lábẹ́ òkun Guinea

Kì í ṣe àròsọ ni pé irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Ní nǹkan bíi 400 kìlómítà sí etíkun orílẹ̀-èdè Guinea ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, lábẹ́ ẹrẹ̀ tó nípọn tó 300 mítà ó lé, kòtò kan wà tí wọ́n ń pè ní Nadir. Uisdean Nicholson láti Yunifásítì Heriot-Watt ní Edinburgh ló rí i nínú àwòrán abẹ́ òkun, irú èyí tí àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ń yà: wọ́n á rán ohùn lọ sísàlẹ̀, wọ́n á gba gbohùngbohùn rẹ̀ padà, wọ́n á sì fi mọ bí ilẹ̀ ṣe tò léra. Wọ́n gbé e jáde ní ọdún 2022. Àwòrán tó kúnná sí i, tí wọ́n gbé jáde ní 2024, jẹ́ kí wọ́n rí i bí ẹni pé omi ti gbẹ kúrò lórí rẹ̀: kòtò tó fẹ̀ ju kìlómítà 9 lọ, òkè kékeré kan láàárín rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ta padà sókè, etí rẹ̀ tó ya wọlé ní ìpele ìpele, àti ilẹ̀ tó sán ká a lọ jìnnà.

Nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn ló ṣẹlẹ̀, sáà kan náà tí èyí tó pa àwọn dáínósọ̀ run já sí Mexico. Àpáta náà fẹ̀ tó 450 sí 500 mítà, láti apá àríwá ìlà oòrùn ló ti wá, omi ibẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi 800 mítà lọ nígbà náà. Ilẹ̀ mì. Ẹrẹ̀ abẹ́ òkun di ọbẹ̀. Etí pèpéle ya, ó sì wó lọ sínú jíjìn. Ìgbì tó ju 800 mítà lọ ni wọ́n ṣírò pé ó jáde láti ibẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé pé ibi ìkọlù gan-an ni wọ́n ń sọ pẹ̀lú iye yẹn, kì í ṣe etíkun tó jìnnà.

Ilẹ̀ tó ya yẹn ló ń kọ mí lóminú jù nínú ọ̀rọ̀ Nadir. Bí àpáta bá já sí etí pèpéle, tí ẹrẹ̀ púpọ̀ sì ya wọ inú jíjìn, yíya yẹn fúnra rẹ̀ lè dá ìgbì gígùn bíi ti ìmìtìtì ilẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn irú èyí tó ń wọ inú ìlú. Gbogbo ìtùnú tí mo sọ lókè nípa ìgbì kúkúrú ò kàn án.

Bákan náà ni ìtùnú yẹn ò kan èyí tó bá já sínú òkun tí kò jìn, nítòsí ilẹ̀. Kòtò Silverpit ní Òkun Àríwá, ní nǹkan bíi 130 kìlómítà sí etíkun Yorkshire, ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2025 pé àpáta ló dá a. Àpáta náà ò ju 160 mítà lọ, síbẹ̀ ìgbì tó ju 100 mítà lọ ló gbé dìde ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 43 ọdún sẹ́yìn. Fún Chicxulub, kòtò Mexico tí àpáta tó pa àwọn dáínósọ̀ run gbẹ́, tí àpáta rẹ̀ lé ní kìlómítà 10, ọ̀pọ̀ èbúté tó jìnnà gan-an pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ ìgbì rẹ̀.

Ohun tó ń pa ènìyàn, àti ohun tó ń pẹ́ lẹ́yìn

Clemens Rumpf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southampton ṣe ìṣirò lórí ìkọlù tó pọ̀ lóríṣiríṣi, wọ́n sì gbé e jáde ní 2017. Afẹ́fẹ́ àti ìgbì rẹ̀ ló máa pa ènìyàn jù, ó lé ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ooru ló tẹ̀lé e. Àpáta tó já sórí ilẹ̀ léwu tó bí ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó já sínú omi.

Àmọ́ omi ní ohun tí ilẹ̀ ò ní. Ó ń ju ooru omi àti iyọ̀ sókè kọjá àwọsánmà. Nígbà tí òkè oníná Hunga Tonga bú lábẹ́ òkun ní oṣù Kìíní ọdún 2022, omi tó tó nǹkan bíi 150 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ló ju sókè bẹ́ẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo omi tó wà lókè yẹn tẹ́lẹ̀. Àpáta ńlá lè ju èyí lọ. Iyọ̀ inú òkun ní kíloríìnì àti brómíìnì, méjèèjì sì ń jẹ ósóònù tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn. Elisabetta Pierazzo ṣírò ní 2010 pé bí àpáta tó tó kìlómítà kan bá já sínú òkun, ósóònù lè dín kù fún ọdún mélòó kan, iye tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára oòrùn tó ń jó awọ ara sì lè ju 20 lọ. Láti 11 ni wọ́n ti ń sọ pé ó le jù. Apẹja àti ìyá tó ń sá ẹja ní gbangba etíkun, tí wọ́n ń wà nínú oòrùn láàárọ̀ ṣúlẹ̀, ni irú ọdún bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ níyà.

Ojú tó ń ṣọ́ òkè

Irú àpáta tó tó kìlómítà kan ò wọ́pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan láàárín nǹkan bí 500,000 ọdún ni, wọ́n sì ti rí ohun tó lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó ni àwọn tó lé ní 140 mítà: nǹkan bíi 25,000 ni wọ́n rò pé ó wà nítòsí ọ̀nà ayé, wọn ò sì tíì rí ìdajì wọn. NEO Surveyor, awò ńlá tí NASA ń múra láti gbé sójú òfurufú, ló yẹ kó kún èyí. Ooru ara àpáta ló máa fi dá wọn mọ̀, kódà àwọn tó dúdú. Owó tí wọ́n ń ná sórí rẹ̀ tọ́, torí àpáta tí wọ́n bá rí ní ogún ọdún ṣáájú ṣeé yí padà lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, DART, ọkọ̀ òfurufú NASA, kọlu Dimorphos, àpáta tó tó 160 mítà tó ń yí àpáta mìíràn tó tóbi jù ú lọ ká, ó sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 33 gé àkókò tó fi ń yí i ká kúrú.

Bí ewu bá ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún àpáta tó ju 10 mítà, àjọ IAWN tó ń bá Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ṣiṣẹ́ ló ń kéde rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kéde ti YR4 nìyẹn ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Ìkéde tí kò bá gba ibẹ̀ wá, tó kàn ń rìn lórí WhatsApp, ẹ má tètè gbé e kiri. Wọ́n á tún gbé irú rẹ̀ kiri nígbà tí àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Apophis bá ń bọ̀ lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2029. Nǹkan bíi 32,000 kìlómítà sókè ló máa gbà kọjá, kò ní kan ayé, a ó sì lè fi ojú lásán rí i láti Áfíríkà lálẹ́ ọjọ́ náà bí ojú ọjọ́ bá mọ́.

Tó bá wá dé

Ẹni tó bá rí ìmọ́lẹ̀ tó ju ti oòrùn lọ lójú ọ̀run kò gbọ́dọ̀ lọ sójú fèrèsé. Kó dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn ògiri bíríkì, kó kẹ̀yìn sí gíláàsì, kó fi ọwọ́ bo ọrùn àti orí. Ohùn ń lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láti rin kìlómítà kan, nítorí náà ìbúgbàù tó wà ní 100 kìlómítà á lo ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó má ṣe dìde kí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn tó pé, kódà bó bá ti gbọ́ ìró àkọ́kọ́, torí ìró lè ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́yìn náà, bàtà ni kó kọ́kọ́ wọ̀ nítorí àfọ́kù gíláàsì, kó pa sílíńdà gáàsì àti jẹnẹrétọ̀, kó sì yẹra fún wáyà iná tó bá já.

Ẹni tó wà létí òkun ò gbọ́dọ̀ dúró wo ohunkóhun. Láti Lẹ́kí tàbí Victoria Island, mọ́tò ò ní gbé ẹnikẹ́ni jáde. Ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ò gba èrò lọ́jọ́ tí nǹkan ò ṣe, áńbọ̀sì ọjọ́ ìjàm̀bá, afárá sì ni gbogbo ènìyàn máa forí lé. Ilé oníkankéré tó lágbára, láti àjà kẹta lọ sókè, ni kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ. Kí wọ́n yan èyí tó jìnnà sí iyanrìn, tí gíláàsì rẹ̀ ò sì pọ̀. Omi tí kò ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú bó bá ń sáré, 60 sẹ̀ǹtímítà sì ń gbé mọ́tò lọ. Ìgbì àkọ́kọ́ kọ́ ló sábà máa ń ga jù, ó sì lè tó ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó tán. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ẹrù fi máa ń bá omi lọ.

Fún apẹja, bí ọkọ̀ bá ṣì wà létí omi, kó fi sílẹ̀ kó sì sá lọ sókè. Bó bá ti wà lójú òkun, tí wákàtí sì wà, òde ni kó kọrí sí, kì í ṣe ilé: kó kọjá pèpéle lọ síbi tí omi ti jìn ju 100 mítà lọ dáadáa, torí orí pèpéle gan-an ni ìgbì ti máa wó. Ọ̀sà ò le tó òkun, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó fún máa ń gba agbára lọ́wọ́ ìgbì, àmọ́ ìṣàn omi tó ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀ á le débi tí ọkọ̀ kankan ò ní lè dúró.

Lẹ́yìn tí omi bá padà, kànga àti bọhóòlù á ti mu iyọ̀. Lẹ́yìn sùnámì 2004 ní Sri Lanka, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ẹ̀rọ fa kànga wọn gbẹ léraléra kí iyọ̀ lè jáde, èyí sì tún bà á jẹ́ sí i. Omi dídùn máa ń léfòó lórí omi iyọ̀ nínú ilẹ̀ etíkun. Bí wọ́n bá fa ti òkè jù, ti ìsàlẹ̀ á gòkè wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí wọ́n fa ìdọ̀tí àti omi òkun tó dúró nínú kànga jáde, kí wọ́n da kíloríìnì sí i, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí òjò máa fọ ilẹ̀ náà. Ó lè gba ju àsìkò òjò kan lọ kó tó ṣeé mu, nítorí náà táǹkì tó ń gba omi òjò láti orí páànù ni wọ́n á gbára lé ní gbogbo àkókò yẹn.